Ojú Kan Tó Kù fún Ìyá

Ní ọdún tí ìyá bàbá mi wá bá wa gbé ní Uwasota ní ìlú Benin, ògiri ilé wa dọ̀tí láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ Ìyá ló fà á. Bí wọ́n bá ti jí láàárọ̀, wọ́n á na ọwọ́ òsì kan ògiri, wọ́n á wá máa rọra rìn lọ, ọwọ́ náà á máa gba ara ògiri kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ ra orí ọmọ, títí wọn yóò fi dé ibi tí búùtà omi àlùwàlá wọn wà. Nígbà tó yá, ilà dúdú kan là sára ọ̀dà funfun náà. Màmá mi kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí rárá. Bí èmi tàbí Túnjí ẹ̀gbọ́n mi bá fi ìka kan ògiri lásán, ọjọ́ náà kò ní dáa fún wa. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀ sí ti Ìyá. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á po omi ọṣẹ sínú ike, wọ́n á fi kànrìnkàn nu ilà náà díẹ̀, wọn kò sì ní nù ún tán. Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà ni ilà yẹn jẹ́ fún ẹni tí kò ríran.

Bí mo bá rántí àgbàlá yẹn, etí ni mo fi ń rántí rẹ̀ ṣáájú ojú. Ìgbálẹ̀ Màmá Osaro ló máa ń jí wa. Àwọn ni wọ́n ni ilé tí a ń gbé, ọmọ Ẹdó ni wọ́n, opó ni wọ́n, wọ́n sì ń ta gàrí ní Ọjà Oliha. Wọn kì í jáde lọ sọ́jà láìgbá gbogbo ilẹ̀ pupa àgbàlá náà, wọ́n á máa kọrin lábẹ́ ètè bí wọ́n ti ń gbá a. Nígbà tí ìgbálẹ̀ bá dákẹ́, tẹ̀sùbáà Ìyá ni yóò máa dún, ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí èkejì. Lẹ́yìn náà ni rédíò bàbá mi, àti màmá mi tí ń pariwo pé bọ́ọ̀sì iléèwé ti dé títì. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò á máa jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín gbogbo ariwo yìí, Ìyá á béèrè pé, "Olátúnjí, ṣé o ti jẹun?" Túnjí á sì dáhùn pé, "À dọ̀n ṣọ́ọ̀pù, Ìyá." Gbogbo wa tí wọ́n bí síbí ló ń gbọ́ Yorùbá, ìdáhùn ló máa ń di Píjìn lẹ́nu wa. Ìyá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ mi, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀." Èmi tí mo ń sùn ní yàrá wọn ni Yorùbá tètè já gaara lẹ́nu mi. Àjíkẹ́ ni wọ́n ń pè mí, kò sí ẹlòmíràn nílé tó ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá kò ṣàdédé wá sí Benin. Mùfútáù ni wọ́n sọ bàbá mi nígbà tí wọ́n bí wọn ní Ìwó, ṣùgbọ́n yunifásítì ni wọ́n wà tí wọ́n fi di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gba orúkọ Sámúẹ́lì. Ní báńkì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Sámúẹ́lì ni gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n sí. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá lára. Wọn kò bá ọmọ wọn jà, wọn kò lé e. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Bàbá mi náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà di ọdún mélòó kan tí bàbá mi fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí Ìwó láìfi ẹsẹ̀ ara wọn débẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú Ìyá méjèèjì. Ọkùnrin kan tó ń kiri láti ìlú dé ìlú, tó ní òun mọ bí a ṣe ń la ojú, fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan inú ojú òsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ríran fún ìgbà díẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn tún rí àwọ̀ adìẹ àwọn. Lẹ́yìn náà ojú yẹn wú, ó ń ṣomi, ó sì kú pátápátá. Ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò, wọ́n wakọ̀ lọ sí Ìwó, wọ́n sì gbé Ìyá bọ̀. Èmi tí mo ti di ìyá ọmọ báyìí mọ ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, pé ó ṣeé ṣe kí bàbá mi má bá ìyá wọn sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìdákẹ́jẹ́ náà ní gbogbo ọ̀nà tó jìn yẹn, kí wọ́n kàn máa béèrè pé, "Ṣé atẹ́gùn ò pọ̀ jù, Ìyá?"

Dókítà ojú yẹ Ìyá wò, ó ní ti òsì ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ọ̀tún ṣì ṣeé là. Wọ́n á yọ awọ funfun náà kúrò, wọ́n á fi awò kékeré kan rọ́pò rẹ̀ nínú ojú. Ìyá ní àwọn ò ṣe. "Abẹ́rẹ́ ló gba èkíní lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa fi ìmọ́lẹ̀ ráńpẹ́ tó kù yìí lo ìgbà mi." Bàbá mi bẹ̀ wọ́n, màmá mi kúnlẹ̀, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ wá gbàdúrà, Ìyá ní kó má ṣèyọnu. Màmá Osaro ló yanjú rẹ̀. Wọ́n wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọn kò tíì bọ́ aṣọ ọjà, wọ́n jókòó ti Ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mú ìka Ìyá, wọ́n fi kan ìpéǹpéjú ara wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Dis wan, dẹm ọ́péréètì am. Dis wan sẹ́f." Èmi ni ògbufọ̀. Mo sọ fún Ìyá pé Màmá Osaro ní wọ́n ti la ojú àwọn méjèèjì rí ní ilé ìwòsàn. Ìyá kò gbé ìka kúrò. Wọ́n ń fi pa ìpéǹpéjú Màmá Osaro lọ pa á bọ̀. "Bi wọ́n léèrè bóyá ó dùn wọ́n." Mo béèrè. Màmá Osaro rẹ́rìn-ín tí gbogbo ara wọn fi ń mì, wọ́n sì dá mi lóhùn. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ̀rù ló dun àwọn jù, Ìyá." Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n bá Ìyá nínú pálọ̀ pẹ̀lú gèlè lórí, Ìyá sì ní, "Ó dáa, ìgbà wo la ń lọ?"

Èmi náà wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà nígbà tí nọ́ọ̀sì ń ṣí òwú kúrò lójú Ìyá. Ó rọra bó o, ó fi omi oògùn nu etí ojú náà, ó ní kí Ìyá là á. Ọwọ́ ara wọn ni Ìyá kọ́kọ́ wò. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ń wo àwọn iṣan tó ti dìde lẹ́yìn ọwọ́ náà. Wọ́n wá gbójú sókè wo bàbá mi tó dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ni bàbá arúgbó yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Mùfú?" Ìyá na ọrùn. "Ta ló da eérú sí ẹ lórí?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n yíjú sí ojú fèrèsé, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó yíjú padà. Ó kàn mí. Ìyá fà mí mọ́ra, wọ́n gbé mi lágbọ̀n sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Àjíkẹ́ nìyí! O dúdú ju ohùn rẹ lọ." Títí di òní, mi ò mọ bí ohùn ṣe ń dúdú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà wọlé lẹ́yìn náà, ó ń to òfin. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, bàbá mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá: wọn kò gbọ́dọ̀ ra ojú náà, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo, wọn kò gbọ́dọ̀ fẹ́ná. Dókítà rí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ Ìyá, ó na ìka sí i, ó tún sọ̀rọ̀. Bàbá mi dúró díẹ̀ kí wọ́n tó túmọ̀ èyí. "Wọ́n ní ẹ kò gbọ́dọ̀ tẹrí ba, Ìyá. Orí àga ni kí ẹ ti máa kírun. Ẹ má forí kanlẹ̀ títí ojú náà yóò fi jiná." Ìyá gbé ojú tuntun náà lé bàbá mi. Wọ́n wò ó, wò ó.

Nígbà tí a délé, gbogbo wa là ń rọra ṣe nǹkan. Màmá mi gbé sítóòfù lọ sẹ́yìnkùlé kí èéfín ata má baà dé yàrá. Túnjí kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Ìyá bá fẹ́ sùn, a ó fi ike kékeré kan tó ní ihò wínníwínní bo ojú náà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí ojú kí wọ́n má baà fi ọwọ́ oorun ra á. Ṣùgbọ́n inú Ìyá ń dùn bí ọmọdé. Wọ́n ń rìn láàárín ilé láìkan ògiri, wọ́n ń ka àléébù àga, wọ́n ní aṣọ fèrèsé wa kò bá ara wọn mu. Ní ọjọ́ kan Màmá Osaro gbé ọbẹ̀ dúdú àwọn Ẹdó wá, èyí tí wọ́n fi ewé lílọ̀ sè, tí Ìyá ti máa ń jẹ tí wọ́n á tún lá ìka láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ìyá ṣí abọ́, wọ́n wò ó, wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé èyí ni mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n pa ojú dé, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Iṣẹ́ tèmi ni oògùn ọ̀sán. Bí mo bá ti dé láti iléèwé, màá fọ ọwọ́, màá ní, "Ẹ wo òkè, Ìyá," màá sì kán an sí i. Àga ike kan wà ní yàrá tí bàbá mi ti gbé kọjú sí ìlà-oòrùn fún ìrun. Mo máa ń bá Ìyá lórí rẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, wọ́n á tẹ orí síwájú díẹ̀, wọ́n á gbé e sókè. Ara wọn kì í rọlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jókòó bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ ní ilé olówó tí wọ́n sì fi tipátipá fún ní ìjókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì rí i pé àga náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá wà lórí ẹní, iwájú orí wọn lélẹ̀, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ kọrọdọ. A kì í bá ẹni tó ń kírun sọ̀rọ̀, nítorí náà mo dúró pẹ̀lú ìgò oògùn lọ́wọ́, títí wọ́n fi dìde jókòó tí wọ́n sálámà láti parí ìrun. Nígbà tí wọ́n yíjú sí mi, ojú náà pọ́n bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Omi ń jáde lára rẹ̀.

"Ìyá, dókítà ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Dókítà kọ́," ni wọ́n wí ní pẹ̀lẹ́. "Bàbá rẹ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà sọ, ta ló mọ ohun tó sọ? Mùfú ló fi tirẹ̀ kún un. Ó ti kúrò lórí ẹní, ó fẹ́ kí èmi náà kúrò." Wọ́n fi etí ìborùn gbọn omi ojú. "Ọlọ́run ló dá ojú mi padà, Àjíkẹ́. Ṣé kí n wá jókòó gẹlẹtẹ lórí àga bí ọ̀gá, kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo bú sẹ́kún, mo sáré lọ pe màmá mi. Màmá mi wo ojú náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé fóònù. Kò pẹ́ tí mọ́tò bàbá mi fi dé, wọn kò tilẹ̀ pa iná mọ́tò náà kí wọ́n tó wọlé. Màmá mi ti sọ ohun tí Ìyá wí fún wọn. Bàbá mi lóṣòó níwájú Ìyá, táì báńkì ṣì wà lọ́rùn wọn.

"Ìyá, ṣé ẹ rò pé mo lè fi ojú yín ṣeré?"

"Ohun tí o fi sílẹ̀ ju ojú lọ, Mùfú."

Bàbá mi na ọwọ́, Ìyá gbà á, a sì wọ mọ́tò. Mi ò tíì rí bàbá mi kí wọ́n máa wakọ̀ báyẹn rí, wọ́n rọra ń gba ara kòtò kọ̀ọ̀kan kọjá bí ẹni tó gbé ẹyin sínú bọ́ọ̀tù.

Dókítà wo inú ojú náà pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ó pẹ́ gan-an. Ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti sun sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n rán kò tíì já. Bí Ìyá bá tún ṣe é, òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun. Bóyá ó rí i lójú bàbá mi pé ìtumọ̀ ti di ìṣòro, nítorí ó dìde fúnra rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan iwájú orí Ìyá, ó na ọwọ́ kejì sí ilẹ̀, ó sì ń mi orí: rárá, rárá. Èyí kò nílò ògbufọ̀. Nínú mọ́tò, nígbà tí a ń padà bọ̀, Ìyá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Mo ti gbà pé dókítà ló sọ ọ́. Mo ṣì ẹ́ gbọ́, Mùfú. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló ń gba ìrun." Wọn kò fẹ́ jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé wọn yóò tún forí kanlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Kò sí ẹni tó lè jókòó ti arúgbó tọ̀sán tòru kó máa dá a lẹ́kun Ọlọ́run rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ kejì. Bàbá mi kò dé ní àsìkò tí wọ́n máa ń dé. Nígbà tí wọ́n dé, bàbá kan tó wọ jálàbíà funfun sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju jálàbíà náà lọ. Áfáà Yorùbá ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Aduwawa, níbi tí àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí pọ̀ sí. Wọ́n gbé àga fún un ní yàrá Ìyá. Ìyá bo orí, wọ́n kí i tẹ̀rùtẹ̀rù.

Áfáà ní, "Ìyá, wọ́n ní ẹ fẹ́ ta ojú yín fún ìrun."

"Áfáà, mi ò mọ bí mo ṣe lè jókòó níwájú Olúwa mi."

"Ta ló ń dá yín lẹ́jọ́? Ẹni tí kò lè dúró, kó jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọlọ́run tó ní kí ẹ kírun ló ní kí ẹ má pa ara yín lára. Ìrun orí àga yìí, odidi ni, kì í ṣe ààbọ̀." Ó tún kọ́ Ìyá bí wọn yóò ṣe ṣe àlùwàlá tí omi kò fi ní kan ojú náà, kí wọ́n fi ọwọ́ tútù nu ìyókù ojú, kí wọ́n yẹ ibẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ń mi orí, mo rí i tí èjìká wọn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n wá béèrè pé, "Ta ló júwe ilé wa fún yín?"

"Ọmọ yín ni. Nígbà tí a jáde nínú ìrun Jímọ̀, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ti bọ́ bàtà, ó gbé e lọ́wọ́, ó dúró sínú oòrùn. Mo ní kó wọlé. Ó ní òun kì í kírun mọ́, òun kò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀tàn wọ ilé Ọlọ́run. Ó ní nítorí ìyá òun lòun ṣe wá."

Ìyá yíjú sí bàbá mi tó fara ti ilẹ̀kùn. Ojú kan tó pọ́n náà kún fún omi, màmá mi sì sáré mú ìdì òwú wá kí wọ́n má baà fi ọwọ́ nù ún.

"Mùfú, o bọ́ bàtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Àwọn èèyàn rí ẹ?"

"Wọ́n rí mi."

Ìyá na ọwọ́ sí bàbá mi, bàbá mi wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, Ìyá sì gbé ọwọ́ lé orí tó ti hu ewú náà. Áfáà fi ọgbọ́n dìde, ó ní òun fẹ́ wo àgbàlá. Mi ò gbọ́ ẹnu wọn kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn, nígbà náà tàbí lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹnikẹ́ni kò yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Bàbá mi ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ọjọ́ Àìkú. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá wà nílé tí àsìkò ìrun tó, àwọn fúnra wọn ló ń gbé àga náà kọjú síbi tó yẹ, tí wọ́n á nu erukú orí rẹ̀, wọ́n á sì pè láti pálọ̀ pé, "Ìyá, àkókò ti tó o." Ìyá á dáhùn pé, "Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ náà." Mo máa ń rò ó nísinsìnyí pé àwọn gbólóhùn méjì yẹn gba ọ̀rọ̀ ọdún mélòó kan.

Pípọ́n ojú náà lọ. Ìrora lọ. Oògùn tí mo ń kán dín kù, ike tí à ń fi bo ojú náà di ohun tí a kò nílò mọ́. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, Ìyá ka àwọn àmì ara ògiri fún dókítà láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n ń fi ìka júwe apá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí, bàbá mi sì ń pàtẹ́wọ́ bí òbí ọmọ iléèwé. Dókítà pa iná ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ojú náà ti jiná. Kí Ìyá máa ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá kò dúró kí a délé. Nígbà tí a dé ibi tí a gbé mọ́tò sí nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà, wọ́n wo oòrùn, wọ́n wo òjìji, wọ́n fúnra wọn mọ ibi tí ìlà-oòrùn wà. Wọ́n bọ́ bàtà. Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tẹ́ nǹkan sílẹ̀," ṣùgbọ́n wọ́n ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa náà, iwájú orí wọn ti kàn án. Àwọn èèyàn ń kọjá, mọ́tò kan fẹ́ fẹ̀yìn rìn bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Bàbá mi bọ́ síwájú, wọ́n dúró láàárín Ìyá àti mọ́tò náà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí Ìyá fi dúpẹ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì pẹ́ kí ó tó tó wọn. Nígbà tí wọ́n gbé orí sókè, erùpẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí wọn róbótó. Bàbá mi fà wọ́n dìde, wọ́n yọ áńkáṣífù, wọ́n fẹ́ nù ún.

Ìyá di ọwọ́ wọn mú.

"Fi í sílẹ̀, Mùfú. Jẹ́ kí n gbé e délé."